Dinkinesh: Òkúta Kékeré Inú Ìgbàjá Ástẹ́rọ́ìdì

Láàárín ipa ọ̀nà Máàsì àti ti Júpítà, òkúta àìlóǹkà ló ń yí oòrùn ká. Ástẹ́rọ́ìdì ni à ń pe irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù lọ ni ìgbàjá ástẹ́rọ́ìdì, nítorí pé ó yí oòrùn po bí ìgbàjá ṣe ń yí ìbàdí po. Dinkinesh, ọ̀kan nínú wọn, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 720 mítà, èyí tí ọmọ iléèwé lè rìn já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta àti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní ọdún 1974, wọ́n rí egungun àtayébáyé kan ní Ethiopia, wọ́n sì pè é ní Lucy. Ní èdè Amharic, Dinkinesh ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘ìyanu ni ọ́’. Orúkọ egungun yìí ni NASA fún ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ tó gbéra ní ọdún 2021. Nígbà tí wọ́n pinnu pé ọkọ̀ náà yóò kọjá lẹ́bàá òkúta yìí, wọ́n sọ òkúta náà ní Dinkinesh.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Lucy kọjá níbi tí kò jìnnà sí i ju nǹkan bí 430 kìlómítà lọ. Àwòrán fi hàn pé òṣùpá kékeré kan ń yí Dinkinesh ká. Nígbà tí àwòrán mìíràn dé, a rí i pé òkúta méjì tó fara ti ara wọn ni òṣùpá náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Selam, èyí tí í ṣe ‘àlàáfíà’.

Àlàyé àwọn onímọ̀ ni pé ooru oòrùn, díẹ̀díẹ̀, ló mú kí Dinkinesh máa yára yípo sí i, títí tí òkúta fi já kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì kóra jọ di òṣùpá.

Ní àgbálọgbábọ̀, bí èdè Amharic bá lè fún òkúta ojú ọ̀run lórúkọ, èdè Yorùbá náà tó gbangba sùn lọ́yẹ́ láti fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ wa. Ọwọ́ olùkọ́ ló kù sí.