Wákàtí 93 Nídìí Ààrò: Ta Ní Ń Ka Ti Àwọn Alásè Ìlàjẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà fi ẹnì kan pamọ́, ìyẹn ẹni tí ó jókòó ti iná tí owó náà fi di ọbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í sábà dárúkọ alásè. Bí ìyàwó ilé bá mọ ọbẹ̀ í sè, ilé ọkọ rẹ̀ ni a ń yìn. Bí olóúnjẹ àdúgbò bá lókìkí, ‘Ìyá Alámàlà’ tàbí ‘Ìyá Olóúnjẹ’ ni yóò máa jẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Ohun tí ó ń tà ti gbé orúkọ rẹ̀ mì. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní oṣù Èbìbí ọdún 2023 fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó bá ń ronú nípa àṣà.

Hilda Bassey, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hilda Baci, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ni, ọdún 1995 ni wọ́n sì bí i. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ tà, nítorí náà ìdí ààrò kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni ó kọ́ ní Madonna University, ṣùgbọ́n ìkòkò ni ó padà sí. Ó ṣí ilé oúnjẹ sí Èkó, ó sì di atọ́kùn ètò amóhùnmáwòrán kan, Dine on a Budget, níbi tí ó ti ń fi bí a ti í fi owó táṣẹ́rẹ́ se oúnjẹ tó jíire han àwọn ènìyàn. Ní 2021 ó borí nínú ìdíje ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ó ti kojú alásè kan láti Gánà.

Iṣẹ́ atọ́kùn yìí ju kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán lọ. Ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọbẹ̀ yóò wí pé ‘bù ú díẹ̀’, yóò ní ‘jẹ́ kó hó dáadáa’, ọmọ yóò sì fi ojú mú ìyókù. Atọ́kùn kò gbọdọ̀ wí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti sọ iye ṣíbí àti iye ìṣẹ́jú, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè ṣe é láṣeyọrí. Ohun tí ojú ń kọ́, ó di dandan kí ẹnu wí i tán.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Èbìbí 2023, Hilda dáná ní Lẹ́kì láti gba ipò lọ́wọ́ Lata Tondon, ará Íńdíà, ẹni tí ó ti se oúnjẹ fún wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 ní 2019. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìsinmi alásè nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó lè tọ́jú rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yá èyí tí kò tíì tọ́ sí i lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ lọ wò ó, Gómìnà Sanwo-Olu pàápàá dé ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi pa iná ní ọjọ́ 15, ó ti lo ọgọ́rùn-ún wákàtí. Nígbà tí Guinness World Records ṣe ìṣirò tán ní oṣù Òkúdù, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, nítorí ó ti ṣèèṣì sinmi ju bó ti yẹ lọ níbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, oyè di tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Alan Fisher, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń gbé Japan, ti gbà á pẹ̀lú wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2025, Hilda tún padà wá pẹ̀lú ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù kan tí oúnjẹ inú rẹ̀ wọn kílò 8,780, Guinness sì tún kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Oyè a máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ìyìn kò dúró sára oúnjẹ lọ́tẹ̀ yìí, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sè é, wọ́n sì fi aago ka iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé aago kan náà lọ sí etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí púpúrú ti jẹ́ oúnjẹ ilé. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Wọn a yọ okùn inú rẹ̀, wọn a dì í sápò, wọn a gbé ohun tó wúwo lé e kí omi lè ro dànù. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yóò fi ọwọ́ méjèèjì mọ ọ́n róbótó, yóò tò ó sókè iná, èéfín yóò sì máa fẹ́ sí i lára títí yóò fi gbẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dúdú, inú rẹ̀ yóò funfun. Wọn a ha èyí tó dúdú kúrò, wọn a gún ìyókù, wọn a jọ̀ ọ́, kí ó tó di ohun tí a ń rò nínú omi gbígbóná, tí a fi ń jẹ ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja yíyan.

Ọjọ́ mẹ́ta inú omi nìkan, wákàtí 72 ni. Ẹnì kan lè wí pé omi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe obìnrin. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírẹ àti fífún ni ó ń lé e jáde, òórùn àti rírọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ sì ni ìyá fi ń mọ̀ pé ó tó yọ. Ẹni tó bá sì sùn gbàgbé iná yóò jí bá eérú. ‘Títí yóò fi tó’ tí àwọn ìyá ń wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìbìkítà. Òṣùwọ̀n ni, ṣùgbọ́n inú ọwọ́ àti imú ni ó wà.

Amóhùnmáwòrán kò tètè rí irú oúnjẹ yìí. Jọ̀lọ́ọ̀fù pupa, ó wu ojú, ó sì di ti gbogbo ènìyàn láti Senegal títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ọbẹ̀ marúgbó dúdú; ẹnu ni a fi ń mọ iyì rẹ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán kò sì ní ẹnu.

Òkun pẹ̀lú kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àyétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sínú omi, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣí sẹ́yìn láti ìgbà dé ìgbà. Bí ilé bá wọ omi, ààrò àti àjà ẹja bá a lọ. Obìnrin tó bá kó lọ sí ìgboro yóò máa ra gàrí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlàjẹ ti wà ní Èkó tipẹ́, ní Màkókó àti ní Bàrígà. Ọ̀sà ló wà láàárín wọn àti Lẹ́kì tí Hilda ti dáná. Foonù tó lè ya fíìmù wà lápò ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn. Kí ọ̀kan gbé e lọ sílé, kí ó dúró ti ìyá kan láti ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá wọ omi títí di ọjọ́ tí òkèlè yóò fi kan ọbẹ̀, kí ó bi í léèrè gbogbo ohun tí imú rẹ̀ mọ̀, kí ó sì kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀.