Bí Sípíkà Ṣe Ń Pín Ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Méjì

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ kékeré méjì wò: sá àti ṣá. Ẹni tí ó fẹsẹ̀ fẹ ni ó ni èkíní; àdá àti igi ni ó ni èkejì. Ohùn òkè kan náà ni wọ́n ní, fáwẹ́lì kan náà sì ni. Ìró tí ó ṣáájú nìkan ni ó yà wọ́n. Bí olùkọ́ bá ń fi ẹ̀rọ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, tí wọn kò sì mọ èwo ni wọ́n gbọ́ nínú méjèèjì, etí àwọn ọmọ ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Lójú tèmi, kí á tó bá ọmọ wí, ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ àpótí tí ohùn náà ti jáde wò.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí tí a ń gbé sí pálọ̀, sípíkà méjì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí ńlá ń gbé ohùn kíki tí ó rẹlẹ̀, èyí kékeré ń gbé ohùn tín-ín-rín. Ẹ̀yà kan wà láàárín wọn tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní crossover, tí èmi yóò máa pè ní apín-ohùn. Wáyà tí a ká jọ bí òwú ni ó ń dí ohùn tín-ín-rín lọ́nà kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ ńlá. Kapásítọ̀ ni ó ń dí ohùn kíki lọ́nà kí ó má baà ba kékeré jẹ́. Ààlà wọn sábà máa ń bọ́ sáàárín ìgbọ̀nrìrì 2,000 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí etí ènìyàn ti mú jù lọ.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí èdè wa. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, inú ìgbọ̀nrìrì ọ̀fun ni wọ́n ti ń wá, nǹkan bí 120 fún ọkùnrin àti 200 fún obìnrin. Sípíkà ńlá ni ó ń gbé wọn. Ṣùgbọ́n ariwo atẹ́gùn tí ó fi s hàn yàtọ̀ sí ṣ, òkè 2,000 ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà: ti ṣ ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí ààlà gan-an, ti s sì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹnu méjì ni ó ń gbà jáde.

Nítòsí ààlà, ẹnu méjèèjì ni ó ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ní 3,000, gígùn ìgbì ohùn kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 àti díẹ̀ lọ. Bí ohùn ọ̀kan bá fi ìdajì èyí, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 6, pẹ́ ju ti èkejì lọ, ọ̀kan yóò máa ti afẹ́fẹ́ bí èkejì ti ń fà á, ohùn yóò sì kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ohùn àpótí mìíràn fi ń yí padà bí a bá dìde lórí àga.

Kí ni àwa ń ṣe nígbà náà? A ó sáré sí equalizer, ẹ̀rọ tí a fi ń bù kún ohùn tàbí bù kúrò lára rẹ̀. A ó ti báàsì sókè, a ó ti ohùn tín-ín-rín sókè, àárín yóò sì wà nísàlẹ̀, tí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ yóò tò bí ẹnu ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Àárín tí a rẹ̀ sílẹ̀ yìí sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbé! Ẹlòmíràn á ti àárín náà sókè, kò sì ní í ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí ó bù kún ńlá ni ó bù kún kékeré: ìjà wọn le sí i, ihò náà wà níbẹ̀. Desibẹ́ẹ̀lì 10 tí a fi kún un ń béèrè agbára iná ìlọ́po 10 lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Siegfried Linkwitz, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣòro yìí ní 1976. Òun àti Russ Riley, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣe apín-ohùn tí ó jẹ́ pé, ní ojú ààlà, ìdajì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ń mú wá, tí méjèèjì sì ń tì papọ̀, tí wọ́n ń fà papọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù nínú irú rẹ̀ ń gé ohùn ní desibẹ́ẹ̀lì 24 fún ìlọ́po méjì ìgbọ̀nrìrì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá ní irú èyí lè dán an wò. Kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó jẹ́ kí wáyà méjèèjì tí ó wọ sípíkà kékeré pààrọ̀ ipò, kí ó padà jókòó síbi tí ó ti máa ń gbọ́ ọ, kí ó sì mú ohùn kan ṣoṣo jáde ní ojú ààlà, jẹ́jẹ́. Bí ohùn náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, a jẹ́ pé wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀. Kí ó dá wáyà padà sí ipò rẹ̀. Bí ohùn bá le sí i, ìjà ni wọ́n ti ń jà.

Ẹ̀yìn èyí ni kí á tó fọwọ́ kan equalizer, báàsì ni kí á sì kọ́kọ́ bù kúrò. Yàrá tí ó gùn ní mítà 4 ń fúnra rẹ̀ gbé ohùn tí ó wà nítòsí ìgbọ̀nrìrì 43 ga, pàápàá bí àpótí bá fara ti ògiri. Kí á fà á kúrò lára ògiri ná, kí á sì tún pe sá àti ṣá sí etí àwọn ọmọ.