Amarílíìsì àti Àwọn Ọmọ Ìdí Rẹ̀

Bí a bá fi ọ̀bẹ mímú la iṣu amarílíìsì láti ọrùn dé ìdí, ohun tí a óò bá nínú rẹ̀ kò jọ ti iṣu tí à ń gún rárá. Ìpele lórí ìpele ni, ó funfun, ó kún fún omi, ọ̀kan gbá èkejì mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ti alùbọ́sà. Mọ̀lẹ́bí kúkú ni wọ́n, torí ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko òde òní kó alùbọ́sà àti amarílíìsì sí. Ìdí ewé ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Ewé ti rọ, ó ti gbẹ dànù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kù sínú ilẹ̀, ó wú, ó di àká tí òdòdó yìí ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú yóò tún rí àwọn nǹkan kéékèèké kan tó rí ṣóńṣó láàárín àwọn ìpele náà. Òdòdó tí kò tíì yọ ni wọ́n. Nínú iṣu tó ti gbó, òdòdó tọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀ jọ ń gbé inú ilé kan, ọjọ́ orí wọn ni kò dọ́gba.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ léra. Lẹ́yìn ewé mẹ́rin ni òdòdó kan máa ń jẹyọ, ewé mẹ́rin mìíràn á tún tẹ̀ lé e, òdòdó á tún wá. Àwọn tó máa ń gé ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí òdòdó bá ti rọ, pé kí iwájú ilé lè mọ́, oúnjẹ òdòdó tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gé dànù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa bi ẹni tó tà á fún wọn pé kí ló dé tí kò yọ mọ́.

Orí ohun kan tó le, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni gbogbo ìpele wọ̀nyí jókòó lé nísàlẹ̀. Ìdí iṣu nìyẹn, òun gan-an sì ni ìtì òdòdó yìí, kúkúrú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí èèyàn kà á sí ìtì. Gbòǹgbò ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde, ewé ń ti òkè rẹ̀ hù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ti ń yọ. Ìpele tí kò bá ní díẹ̀ lára ìdí yìí kò lè di nǹkan kan, bó ti wù kó sanra tó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ amarílíìsì kan di púpọ̀, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, pàápàá ìlà-oòrùn Bràsíl àti àwọn òkè Andes ní Peru, Bolivia àti Argentina. Irú rẹ̀ tó bí 90. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Hippeastrum puniceum, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n gan-an, ti rìn jìnnà débi pé ó ti di onílé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru. Òun ló máa ń yọ lójijì nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ: ọ̀pá kan láìní ewé, ihò nínú, tí òdòdó méjì sí mẹ́rin dorí kọ ẹ̀gbẹ́ ní téńté rẹ̀. Ní ti orúkọ, àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Linnaeus, onímọ̀ ewéko, lo orúkọ Amaryllis ní 1753, William Herbert ya àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ ní 1821 pẹ̀lú orúkọ Hippeastrum, wọ́n sì ń fà á títí di 1987, nígbà tí àpéjọ àwọn onímọ̀ ewéko ní Berlin fi orúkọ Amaryllis sílẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó jẹ́ ti Gúúsù Áfíríkà. Àwọn tó ń ta òdòdó kò gbọ́ ti wọn. Amarílíìsì ni wọ́n ṣì ń pè é, amarílíìsì náà ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín.

Nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, bí ó ṣe ń bí ọmọ fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù. Ọmọ yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, yóò kọ́kọ́ jẹ́ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, yóò sì máa jẹun lára ìyá títí tí yóò fi ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ìkánjú ló máa ń ba ibí yìí jẹ́. Bí èèyàn bá ti rí ewé kékeré náà, ọwọ́ á ti máa yún un láti ya á. Kó fi í sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ìdá mẹ́rin ìyá rẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, yóò kàn jókòó sínú ìkòkò ni, kò ní kú, kò sì ní dàgbà. Èyí tó bá pẹ́ lára ìyá yóò ṣíwájú rẹ̀ tan òdòdó. Àti pé àwọn irú kan kì í fẹ́ kí a máa tú wọn: bí wọ́n ṣe há mọ́ ara wọn nínú ìkòkò ni wọ́n ṣe ń yọ òdòdó dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ya àwọn ọmọ, nígbà tí ewé bá ti ń pọ́n tí ìyá sì ti ń sinmi. A ó da gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìkòkò, a ó gbọn ilẹ̀ kúrò lára rẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ yí ọmọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá gbó yóò já fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá já, ọ̀bẹ ni, ṣùgbọ́n kí a rí i dájú pé ó mú ìdí àti gbòǹgbò tirẹ̀ lọ. Kí ojú egbò gbẹ ní ibi tí atẹ́gùn wà fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó gbìn ín sínú ilẹ̀dú tí a po yanrìn mọ́. Kí á má rì í mọ́lẹ̀ o. Ọrùn rẹ̀ àti bí ìdá mẹ́ta iṣu gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀, torí omi tó bá dúró sí ọrùn ló ń mú un jẹrà. Bí ọdún méjì sí mẹ́ta ni yóò gbà kó tó tan òdòdó, nígbà tí àyíká rẹ̀ bá ti tó bíi 20 sẹ̀ǹtímítà. Àyíká yìí náà ni àwọn oníṣòwò ní Nẹ́dálándì fi ń dá owó lé e: iṣu tó bá wọn 34 sí 36 sẹ̀ǹtímítà lè yọ ọ̀pá mẹ́ta, owó rẹ̀ sì le. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú òwò náà ni pé púpọ̀ nínú iṣu tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù nígbà Kérésì, Gúúsù Áfíríkà àti Bràsíl ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Holambra ní ìpínlẹ̀ São Paulo, tí àwọn ará Nẹ́dálándì tẹ̀dó ní 1948, wà lára àwọn tó ń kó o lọ. Òdòdó ilẹ̀ Bràsíl, ọmọ Nẹ́dálándì ló ń gbìn ín ní Bràsíl láti tà á ní Nẹ́dálándì.

Ọ̀nà ọmọ yìí náà ló gba àmúlùmálà àkọ́kọ́ là. Ní nǹkan bí ọdún 1799, oníṣẹ́ aago kan ní Prescot, ní Lancashire ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Arthur Johnson, fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó irú kan kan irú mìíràn. Èyí tó jáde pupa, ó sì ní ìlà funfun láàárín ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ilé gíláàsì tó ń tọ́jú wọn sí bàjẹ́ nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ ìbá sì ti parí síbẹ̀ bí kò bá ti fún ọgbà ewéko ìlú Liverpool ní díẹ̀. Títí di òní, àmúlùmálà náà, Hippeastrum × johnsonii, ṣì ń yọ ní iwájú ilé ní Texas àti Louisiana, níbi tí ará ilé kan ti ń wú u fún ará ilé kejì láti ìran dé ìran. Wọn kì í rà á, ó sì ṣòroó rí rà.

Ṣùgbọ́n àwọn iṣu ńláńlá tí àwọn oníṣòwò ń tà kì í fẹ́ bímọ. Ọ̀kan lè wà fún ọdún mẹ́ta láìyọ ju ọmọ kan lọ. Irú wọn la máa ń gé. Àgbẹ̀ tó ń gé èbù iṣu lè rò pé òun ti mọ iṣẹ́ yìí, ó sì mọ apá kan rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ti Umudike àti IITA ní Ìbàdàn, ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gé èbù wẹ́wẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bíi gíráàmù 25, bí èèpo bá sáà ti wà lára rẹ̀, yóò hù. Iṣu amarílíìsì kò gba bẹ́ẹ̀. Òró ni a ń là á, kì í ṣe ìbú, kí awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú díẹ̀ lára ìdí dání. Èyí tí a bá gé ní ìbú, apá ìsàlẹ̀ nìkan ló lè yè, tòkè ti di oúnjẹ ìdin.

A ó gé ewé àti gbòǹgbò kúrò, a ó bó èèpo gbígbẹ, a ó dojú iṣu délẹ̀, a ó sì là á láti ìdí sí awẹ́ mẹ́jọ, tàbí 16 bí ó bá tóbi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀ lè tún tú awẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìpele méjì-méjì, tí ìdí díẹ̀ so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀. Báyìí, iṣu kan lè di èyí tó lé ní 60. Èmi kò rò pé ẹni tó ní ìkòkò méjì lójú fèrèsé nílò 60 amarílíìsì, awẹ́ mẹ́jọ ti tó o. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mọ́, kí a máa fi sípíríìtì nù ún bí a bá ti gé ìgbà kan. A ó pa oògùn apààrùn tí wọ́n fi ń po èbù mọ́ ojú egbò, a ó kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú yanrìn tí ó tutù díẹ̀, tí omi kò sì rin, a ó sì gbé e sí ibi tó móoru tí oòrùn kò dé. Ooru bíi 25 lórí ìwọ̀n Celsius ló wù ú, nítorí náà inú ilé wa lásán ti tó. Kí a máa yọjú sí i, èyí tó bá ti ń bu kí a yọ ọ́ kúrò lára ìyókù. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ìpele àtijọ́ á ti máa rọ, àárín wọn, níbi tí wọ́n ti pàdé ìdí gan-an, ni iṣu kóńkóló tuntun yóò ti yọ, ó funfun, kò ju èso ẹ̀wà lọ. Ó di ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó tan òdòdó.

Ọ̀nà èso náà tún wà. Bí lẹ́búlẹ́bú bá kan orí òdòdó, pádi onígun mẹ́ta yóò wú nídìí rẹ̀, yóò sì là ní ìwọ̀n oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀. Èso inú rẹ̀ dúdú, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Kí a gbìn ín ní tútù, ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń dà á sójú omi nínú abọ́ títí yóò fi ta gbòǹgbò. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò gbà kó tó tan òdòdó, ọmọ rẹ̀ kì í sì í jọ ìyá bí ìyá bá jẹ́ àmúlùmálà. Ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ kan pàtó kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yìí. Ẹni tó ń wá ohun tí ojú kò rí rí ló wà fún.

Kí a fi ìbọ̀wọ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Omi ara iṣu náà máa ń yún àwọn kan lọ́wọ́, májèlé tí wọ́n ń pè ní lycorine sì wà nínú rẹ̀, tó ń mú èèyàn àti ajá bì. Mọ̀lẹ́bí alùbọ́sà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó má dé ilé ìdáná.

Àìsàn méjì ló yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀. Èyí tó ń fi àmì pupa sí ewé àti ọ̀pá, olú tíntìntín kan tó ń jẹ́ Stagonospora curtisii ló fà á. Bí a bá gé ibi tó mú, tí a kò sì bomi sí i lórí mọ́, ó lè lọ. Èkejì ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fi àwọ̀ ewé pípọ́n àti títutù ṣe abàlà lójú ewé. Ìyẹn kò ní oògùn. Kòkòrò tíntìntín tó ń mu omi ara ewé ń gbé e, ọ̀bẹ ń gbé e, gbogbo ọmọ àti gbogbo awẹ́ tó bá ti ara ìyá aláìsàn jáde ló sì máa ní in. Sísun ni kí a sun irú iṣu bẹ́ẹ̀. Bí òdòdó rẹ̀ bá wù wá jù, kí a gbà á láyè kó so ná, torí fáírọ́ọ̀sì yìí kì í sábà wọ inú èso.