ÈÈRÀ FÁRÁÒ

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nípa àwọn èèrà wẹ́wẹ́ tí ń tò lọ tò bọ̀ lára ògiri ilé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ohun kan.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kó irú wọn kan jọ sí ìdílé tí a ń pè ní Monomorium, orúkọ tí Gustav Mayr sọ ọ́ ní ọdún 1855. Ẹ̀yà inú ìdílé náà lé ní 300. Dúdú ni Monomorium minimum ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Monomorium floricola, tí ń gbé ara igi, ṣe dúdú lórí àti nídìí, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ pọ́n. Èyí tí ó kan wa jù ni Monomorium pharaonis, èèrà Fáráò, tí Linnaeus fún ní orúkọ ní ọdún 1758. Ó pọ́n bí oyin, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mìlímítà 2 lọ.

Ní ọdún 1972, S. H. Beatson kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn, pé èèrà yìí ń gbé kòkòrò àrùn kiri ní ilé ìwòsàn. Ibi ọ̀rinrin ni ó ń wá, títí dé abẹ́ aṣọ tí a fi di ojú egbò. Láti ibẹ̀ ó sì lè gun orí oúnjẹ.

Kí ni kí a ṣe? Ọ̀pọ̀ wa a máa sáré fọ́n oògùn sí wọn. Àṣìṣe ńlá ni. Ìyá tí ń yé ẹyin pọ̀ nínú ilé èèrà kan ṣoṣo. Bí oògùn bá pa àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà, àwọn tí ó kù a gbé ẹyin àti ọmọ, wọn a pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, wọn a sì tẹ ilé titun dó ní yàrá mìíràn. Ẹni tí ó rò pé òun ṣẹ́gun ti sọ ọ̀tá kan di mẹ́ta.

Ohun tí ó tọ́ ni oúnjẹ dídùn tí a fi oògùn tí kì í tètè pani sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Àwọn òṣìṣẹ́ èèrà yóò gbé e lọ fún ìyá àti ọmọ wọn nínú ihò. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí a má sì fọ́n oògùn mìíràn síbẹ̀ ní àkókò náà.

Ẹ̀yin ìyá ilé àti ẹ̀yin olùtọ́jú aláìsàn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ní sùúrù. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.