Ìgbì Rédíò àti Ìmúdọ́gba Aago Ibi Jíjìnnà

Àkùkọ ìlú méjì kì í kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni aago méjì, bó ti wù kí wọ́n péye tó, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń yàtọ̀ síra. Lójú òkun, ewu ni ìyàtọ̀ yìí. Nítorí pé dígírì 15 ni ayé ń yí ní wákàtí kan, bí aago atukọ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 péré ṣìnà ní ìlà agbedeméjì ayé, ìṣirò rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi kìlómítà 1.85 jìnnà sí ibi tó wà gan-an.

Ìdí nìyí tí rédíò fi di akéde àkókò. Ní ọdún 1910, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì àkókò ránṣẹ́ sáwọn ọkọ̀ ojú omi láti Ilé-ìṣọ́ Eiffel ní Paris. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1924, BBC bẹ̀rẹ̀ ìró mẹ́fà tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ mọ̀ bí ẹní mowó. Ìbẹ̀rẹ̀ ìró ìkẹfà ni wákàtí lù gẹ́lẹ́.

Síbẹ̀, àmì kì í dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ni ìgbì rédíò ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi tó jìnnà ní kìlómítà 3,000 yóò gbà á lẹ́yìn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Etí kò lè fura sí èyí, ṣùgbọ́n aago átọ́ọ̀mù kò lè gbójú fò ó.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ta sí i ni pé kí ibùdó méjì jọ gba àmì kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yọ àkókò tí àmì fi rìn kúrò, yóò sì fi aago rẹ̀ wé e. Bí aago kìíní bá fi 5 yá ju àmì lọ, tí èkejì fi 2 yá jù ú, a mọ̀ pé 3 ni ìyàtọ̀ àárín wọn. Bí àmì fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ṣìnà, àṣìṣe náà kan àwọn méjèèjì bákan náà, ìyọkúrò a sì pa á rẹ́. Láti àwọn ọdún 1980 wá ni wọ́n ti ń lo sátẹ́láìtì GPS fún iṣẹ́ yìí.

Olùkọ́ lè fi agogo ilé-ìwé ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Nǹkan bíi mítà 340 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró ní òpin pápá, tó sì ṣírò jíjìnnà rẹ̀ sí agogo, yóò rí i pé ẹni tó fẹ́ mọ àkókò dájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òun dúró sí.