Ìbéèrè Àlejò ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kì í ṣe èébú fún àlejò. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú lè rí òkè, ó lè rí ààfin, ó sì lè rí ilé ńláńlá tí a tì pa, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ìbéèrè ni ó ń la ojú àlejò. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi tún ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí a bi léèrè gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn.

Ní agbègbè Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìbéèrè tí àwọn àgùnbánirọ̀, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti ibòmíràn wá, àwọn àna tuntun àti àwọn tí ó wá fi ojú lóúnjẹ máa ń béèrè kò pọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bèèrè láti ọdún dé ọdún. Bí a bá tò wọ́n bí ó ti yẹ, a ó rí i pé ìdáhùn ọ̀kan ni ó ń bí èkejì, àti pé gbogbo wọn wá láti ara òkè tí ó yí àwọn ìlú náà ká.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò kọ́kọ́ ń dé ni Ìkògòsì, ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Arámọ̀kọ. Omi méjì ni ó ń ṣàn níbẹ̀: ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu àlejò ni pé, iná wo ni ó wà lábẹ́ omi yìí? Ìtàn àtẹnudẹ́nu dáhùn pé ìyàwó ọkọ kan náà ni àwọn méjèèjì, pé ìwà wọn ni ó yàtọ̀. Àwọn mìíràn rò pé òkè tí ń tú iná ni ó wà nítòsí. Kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òjò ni ó ń rọ̀ sórí òkè, tí omi rẹ̀ ń gba inú sísán òkúta líle tí a ń pè ní quartzite wọlẹ̀. Ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná, kí ó tó tún gba sísán mìíràn gòkè wá. Nígbà tí ó bá fi yọjú, ìgbóná rẹ̀ kò jìnnà sí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgbóná ara ènìyàn dọ́gba. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ fi máa ń rò pé òun kò kúrò lára òun. Orúkọ Ẹ̀fọ̀n gan-an ni àwọn onímọ̀ òkúta ilẹ̀ fi ń pe irú òkúta tí ó gbé omi yìí wá. Ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà pa àgọ́ síbẹ̀ fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, tí òkìkí omi náà sì kàn dé ọ̀nà jíjìn.

Òkè yìí kan náà ni ó dáhùn ìbéèrè kejì. Àlejò a máa béèrè pé, ta ni Ọba Èkìtì? Ó rò pé bí a ti ń sọ̀rọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ náà ni ó yẹ kí a rí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo Èkìtì ń wólẹ̀ fún. Kò sí irú ọba bẹ́ẹ̀. Alárá ni ó wà ní Arámọ̀kọ, Ajerò ní Ìjerò, Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n, olúkúlùkù pẹ̀lú adé tirẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọba aládé tí a kà mọ́ ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Pẹ̀lúpẹ̀lú ní ayé ìjọba àwọn òyìnbó. Orúkọ Èkìtì fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ṣàlàyé rẹ̀, wá láti ara òkìtì, èyíinì ni ilẹ̀ tí ó ga. Níbi tí òkè bá ti dá ìlú sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣòro fún ọba kan láti kó gbogbo wọn sábẹ́. Pé oyè wọ̀nyí kì í ṣe ti àná hàn nínú ẹsẹ Ifá, níbi tí a ti máa ń dárúkọ Alárá àti Ajerò pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ààfin ni ó sì mú kí iṣẹ́ ọnà gbilẹ̀. Ọba tí ó dá dúró fẹ́ kí ààfin òun ní òpó àti ilẹ̀kùn tí ó yẹ òun. Ẹ̀fọ̀n ni Agbọ́nbíọfẹ́, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére láti ìdílé Adéṣínà, ti ṣiṣẹ́. Òun ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ó tó di olóògbé ní ọdún 1945. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà káàkiri àgbáyé mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè kẹta jẹ mọ́ èdè. Àlejò tí ó gbọ́ Yorùbá ìwé yanjú lè dé ọjà Ìjerò kí etí rẹ̀ dí. Ó gbọ́ “ulé” níbi tí ó ti ń retí ilé, ó gbọ́ “ugbá” dípò igbá. Òmíràn a sì rẹ́rìn-ín pé àwọn ará òkè kò gbọ́ èdè dáadáa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Nínú Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti ibòmíràn ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, ó ń fi í bẹ̀rẹ̀. Èdè náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi rẹ́rìn-ín ń fi ohun tí kò kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ọmọ tí ó bá sì ń tijú láti sọ ọ́ níwájú àlejò ń ta ogún ilé baba rẹ̀ lọ́pọ̀.

Ìbéèrè kẹrin ni èyí tí àlejò máa ń fi ẹ̀rín bò: ṣé lóòótọ́ ni pé alágídí ni àwọn Èkìtì? Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn èyí yóò padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Ìbàdàn ti borí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, wọ́n sì ti fi ajẹ́lẹ̀ sínú wọn láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ náà ń fi ipá gba ohun ìní onílé, wọ́n sì ń fi ìyàwó àti ọmọ oníle wọ́lẹ̀. Ní ọdún náà ni Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa Oyèpẹ̀tun tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn níbẹ̀. Ọ̀ràn dé. Àwọn ìlú tí òkè ti yà nípa láti ìgbà ìwásẹ̀ wá so ọwọ́ pọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbọn ìgbàlódé. Ìró ìbọn náà ni a fi pe ogun ọ̀hún ní Kírìjì. Ní ọdún 1886 ni a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, orúkọ oyè Ajerò sì wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893, ní ayé Gómìnà Carter, kí àwọn ọmọ ogun méjèèjì tó tú àgọ́ wọn ká pátápátá.

Ta ni yóò wá pe èyí ní agídí lásán? Ẹni tí ó kọ̀ láti máa sìn nínú ilé ara rẹ̀ kò ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ní ṣe. Ó sì yẹ kí á sọ ìyókù òtítọ́ náà: nígbà tí ogun parí, olúkúlùkù ìlú padà sí abẹ́ adé tirẹ̀. Ìyà ni ó kó wọn jọ, àlàáfíà kò tíì kọ́ wọn bí a ti í wà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ìdí tí ọmọ Èkìtì òde òní yóò fi di ọmọ Ìbàdàn sínú. Àwọn tí ó jà ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti fẹ́ ara wọn.

Ogun yìí ni ó bí ìdáhùn ìbéèrè karùn-ún: kí ni ó dé tí ìwé fi wọ àwọn Èkìtì lára tó báyìí, tí ó fi jẹ́ pé kò sí agboolé tí a kò ti rí olùkọ́ tàbí ọ̀mọ̀wé? Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ni a ti kó lẹ́rú lọ sí ibòmíràn nígbà ogun. Nínú àwọn tí ó padà sílé, àwọn kan ti di onígbàgbọ́, wọ́n sì ti mọ̀wé. Àwọn ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ wọ ìlú kí àwọn òyìnbó ìjọ tó gbé e gòkè. Ní ọdún 1933 ni a dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó, lábẹ́ Henry Dallimore, àwọn ọmọ sì ń ti gbogbo ilẹ̀ Èkìtì wá síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀ tí a ti ro ni irúgbìn náà bọ́ sí.

Èyí tí ó kù, àgbẹ̀ ni ó san án. Àlejò a máa ṣe ẹ̀fẹ̀ pé iyán nìkan ni Èkìtì mọ̀. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, lóòótọ́, ilẹ̀ náà sì gba iṣu. Ṣùgbọ́n iṣu ni a ń jẹ, kòkó ni a fi ń san owó ilé-ìwé gíga. Bàbá tí oko rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè mọ̀ pé bí a bá pín in fún ọmọ mẹ́jọ, kò ní tó ẹnikẹ́ni. Ìwé ni oko tí a kì í pín. Ní Ìjerò, ilẹ̀ tún ní ohun mìíràn nínú: tin, columbite, tantalite, àti amọ̀ funfun tí a fi ń ṣe àwo. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ohun tí ó kù fún oníle yóò rí kòtò tí òjò ti kún, níbi tí iṣu ti ń ta tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn ni ó wúwo jù. Àlejò a wo ilé ńláńlá tí ó tò lọ ní ẹ̀bá títì ní Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, a sì béèrè pé, níbo ni àwọn tí ó ni wọ́n wà? Wọ́n wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-ìwé tí ó gbé wọn ga náà ni ó gbé wọn lọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 mú iṣẹ́ ìjọba súnmọ́ wọn ní Adó, ṣùgbọ́n kò dá àwọn tí ó ti lọ padà. Keresì àti Àjíǹde ni a máa ń ṣí ọ̀pọ̀ nínú ilé náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn arúgbó ni ó kù láti máa dáhùn ìbéèrè àlejò.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ti ń di àlejò fúnra wọn. Bí ọ̀rẹ́ wọn bá bi wọ́n nípa Fábùnmi, wọn a ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá pè wọ́n ní alágídí, wọn a rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ fún wọn. Ọmọ tí kò mọ ìdáhùn yóò gba ìdáhùn tí ẹlòmíràn bá fún un, bóyá èébú ni tàbí irọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nígbà tí a bá ṣí ilé ní ọjọ́ ọdún, kí a má ṣe fi gbogbo rẹ̀ jẹun. Kí a mú àwọn ọmọ dé Ìkògòsì, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi méjèèjì. Kí a mú wọn dé ààfin, kí wọ́n rí òpó tí baba wọn gbẹ́. Kí a jókòó tì wọ́n lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó ń pe ilé ní “ulé”, kí a sì jẹ́ kí wọ́n béèrè títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá àgbà wà lórí àpótí rẹ̀ ni a lè bi í.