Ìwé-Àṣẹ Pátẹ́ǹtì àti Ẹ̀rọ James Watt

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, a máa ń sọ bí James Watt ti gbọ́n tó, ṣùgbọ́n a kì í sọ bí ọgbọ́n rẹ̀ ti ṣe di òwò. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Pátẹ́ǹtì ni ìwé-àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ ohun titun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tàbí tà á láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, fún iye ọdún kan. Kì í ṣe ọ̀fẹ́: olúwarẹ̀ ní láti kọ bí a ti ń ṣe é sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Oníṣègùn wa tí ó mọ ewé kan a máa fi í pamọ́ sí ikùn ara rẹ̀. Bí ikú bá dé lójijì, ewé náà a bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ìlú Venice ṣe òfin pátẹ́ǹtì ní 1474. England ṣe tirẹ̀ ní 1624, ó sì fi ọdún 14 ṣe gbèdéke. Lónìí, ọdún 20 ni ó wọ́pọ̀, ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ Newcomen, tí a ń lò kí Watt tó dé, a máa jẹ èédú bí iná ọyẹ́ ti ń jẹ pápá, nítorí pé inú àgbá irin kan náà ni ooru ń wọ̀, tí a sì tún ń fi omi tútù pa á. Ní 1765 Watt rí i pé bí ooru bá lọ tutù nínú ìkòkò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbá náà yóò máa gbóná títí. Ó gba pátẹ́ǹtì ní 1769, ṣùgbọ́n kò sí owó. John Roebuck tí ó ràn án lọ́wọ́ jẹ gbèsè títí ó fi wó, Matthew Boulton ti Birmingham sì gba ìpín rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ òwò! Ó rí i pé ọdún tí ó kù kò tó láti rí owó padà; Ilé Aṣòfin sì sún àṣẹ náà dé 1800, nípa òfin kan ní 1775.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń gba owó. Wọ́n a ṣírò èédú tí ẹ̀rọ Newcomen ìbá jẹ fún iṣẹ́ kan náà, wọ́n a yọ èyí tí tiwọn jẹ kúrò, wọ́n a sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó èédú tí ẹni náà fi bẹ́ẹ̀ jèrè. Ní Cornwall, níbi tí a ti ń wa bàbà àti tánńganran, ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé èédú wá, nítorí náà owó yìí kì í ṣe kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ inú àwọn awakùsà dùn. Nígbà tí ó pẹ́, wọn kò fẹ́ san mọ́. Ẹjọ́ dé, Boulton àti Watt sì borí Hornblower àti Maberly ní 1799. Àwa kò dá àwọn awakùsà lẹ́bi pátápátá.

Idà náà ge Watt alára pẹ̀lú. Nígbà tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa yí kẹ̀kẹ́, James Pickard ti gba pátẹ́ǹtì ní 1780 lórí irin títẹ̀ tí ìbá lò, ó sì di dandan fún un láti hùmọ̀ kẹ̀kẹ́ eléyín tí ń yí èkejì ká.

Ní 1800 àṣẹ parí, Watt tí ó ti di ọlọ́rọ̀ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Richard Trevithick ará Cornwall lo ooru líle tí Watt ti kọ̀, ní 1804 ẹ̀rọ rẹ̀ sì fa ẹrù àti ènìyàn lórí ojú irin ní Wales.